Kí Wọ́n Tó Yé Wa: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìtàn Àròsọ Nípa Àwọn Ẹ̀dá Pílánẹ́ẹ̀tì Mìíràn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín jẹ mọ́ irú ìtàn àròsọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí eré ọmọdé: ìtàn onísáyẹ́ǹsì nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe pàdé ẹ̀dá abẹ̀mí tí kì í ṣe ti ayé wa yìí, lórí pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà réré. Mo fẹ́ kí á fi ojú àgbà wò ó. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú gbogbo irú ìtàn báyìí, àwọn tó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ ni àwọn tí àgbọ́yé ti nira, tí ó tilẹ̀ ti kùnà pátápátá. Àti pé ewu tó tóbi jù nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìjà ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe ìkánjú ẹni tó rò pé ohun tí òun rí ti yé òun. Ìwé méjì ni n ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi: Solaris tí Stanisław Lem, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, tẹ̀ jáde ní 1961, àti The Sparrow tí Mary Doria Russell, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1996.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1877, Giovanni Schiaparelli, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, fi awò wo pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, ó sì ya àwòrán àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó rí lójú rẹ̀. Percival Lowell, olówó kan ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dénú. Ó kọ́ ilé awò ìràwọ̀ sí Flagstaff ní ìpínlẹ̀ Arizona ní 1894, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé odò àtọwọ́dá ni àwọn ìlà wọ̀nyí, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá kan ló gbẹ́ wọn kí omi yìnyín lè máa ṣàn wá sí ilẹ̀ wọn tó ti ń gbẹ. Lowell kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ó rò pé òun rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ayé ń gbẹ́ odò àtọwọ́dá kiri ló gbé láyé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣí odò àtọwọ́dá Suez. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí ìlà báyìí, ọkàn rẹ̀ ti mọ ohun tí yóò pè é. Nígbà tí ọkọ̀ Mariner 4 kọjá lẹ́bàá Máàsì ní oṣù Keje ọdún 1965, tí ó sì ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, ilẹ̀ gbígbẹ tó kún fún kòtò ni wọ́n rí. Kò sí odò àtọwọ́dá kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara wọn ni àwọn ènìyàn ń wò nínú awò náà, wọ́n sì rò pé ará Máàsì ni àwọn ń wò.

Inú afẹ́fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni H. G. Wells ti kọ The War of the Worlds, tó jáde ní ìwé ní 1898. Àwọn ará Máàsì balẹ̀ sí ẹ̀bá Woking, níbi tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ìlú. Wells ṣe ohun kan tó yẹ kí á máa yìn ín fún: ní orí kìíní ìwé náà gan-an, ó ní kí àwọn òǹkàwé rẹ̀ rántí ohun tí àwọn òyìnbó Yúróòpù ṣe sí àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania kí wọ́n tó dá ará Máàsì lẹ́bi. Ó mú Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ gàba lé ayé lórí nígbà náà, ó fi í sí ipò ẹni tí wọ́n wá gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín àlejò àti onílé nínú ìwé yìí. Àwọn ọkùnrin mélòó kan gbé àsíá funfun lọ bá àwọn àlejò náà, iná ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ fíìmù ń tọ̀ títí dòní: àlejò dé, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni èyí tí Star Trek sọ di bárakú láti 1966, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tí ń túmọ̀ èdè gbogbo. Orí ẹ̀dá náà lè rí gbágungbàgun, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀, èdè wa náà ni yóò máa sọ, ohun tí àwa ń bínú sí ni òun náà yóò máa bínú sí.

Àwa Yorùbá náà mọ ọ̀nà kejì yìí dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọdẹ wọ igbó àwọn ẹ̀dá tí kò jọ ènìyàn, wọ́n sì ń bá a sọ Yorùbá tó dán mọ́rán. N kò fi èyí bu Fágúnwà kù. Ìwà ọmọ ènìyàn ló ń kọ́ wa, ó sì kọ́ wa yékéyéké. Ṣùgbọ́n bí ohun tí à ń béèrè bá jẹ́ bí yóò ṣe rí gan-an kí á ko ẹ̀dá tí kò bá wa pín ohunkóhun, tí kò bá wa pín baba ńlá, tí oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti ikú rẹ̀ kò jọ tiwa, a jẹ́ pé ìtàn mìíràn ni a ó wá lọ.

Ìtàn mìíràn yẹn ni Lem kọ. Pílánẹ́ẹ̀tì kan wà tí oòrùn méjì ń ràn sí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ aró. Òkun ló bò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òkun yìí gan-an sì ni ẹ̀dá abẹ̀mí tó wà níbẹ̀: ọ̀kan ṣoṣo gíro, kò lójú, kò lẹ́nu, kò lẹ́gbẹ́. Ó ń ṣàtúnṣe sí ipa ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì náà ń tọ̀ láàárín oòrùn méjèèjì, èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fura pé ó lóye. Láti ara rẹ̀ ni àwọn nǹkan gìrìwò ti ń wú jáde, tí wọn yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, tí wọn yóò sì wó padà sínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Lem fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé sọ ohun tó wà nínú yàrá ìkàwé ibùdó tí wọ́n gbé ró sójú òfuurufú lókè òkun náà: ìwé lórí ìwé, àbá tó ń ta ko àbá, orúkọ tí wọ́n sọ oríṣi nǹkan kọ̀ọ̀kan tó ń wú, ọ̀mọ̀wé kan dìde, òmíràn bì í ṣubú. Àwọn òǹkàwé kan máa ń fo àwọn ojú ìwé wọ̀nyí nítorí pé ìtàn kò sáré níbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn ìwé náà wà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí i pé ènìyàn lè sọ nǹkan lórúkọ, kí ó pín in sí ìsọ̀rí, kí ó gba oyè lórí rẹ̀, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Kris Kelvin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, dé ibùdó yìí, ó bá a pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ti pa ara rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn méjì tó kù. Wọ́n ti fi ẹ́síréè tó lágbára lu òkun náà láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà, bí oníkálukú bá ti sùn tó jí, yóò bá àlejò kan nínú yàrá. Kelvin sùn, ó jí, ó rí Harey, obìnrin tí ó fẹ́ràn, tí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Harey jókòó tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá tó fẹ́ kí ó pààrọ̀ aṣọ, Kelvin rí i pé kò sí ibi tí aṣọ náà ti ṣeé tú. Bọ́tìnì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò sí ojú tí wọ́n ń gbà bọ̀ ọ́. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé e. Ẹ ronú sí aṣọ yìí. Òkun náà ti wọ inú ìrántí ọkùnrin yìí, ó mú obìnrin tó bá níbẹ̀ jáde bí ọkùnrin náà ṣe rántí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí aṣọ wà fún ni kò mọ̀. Ẹ̀bùn ni ó fi ránṣẹ́ ni? Ìyà ni? Àbí ó ń fèsì ẹ́síréè tí wọ́n fi lù ú? Lem kò sọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà tó rí ìdáhùn. Snaut, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ibùdó náà, sọ ojú abẹ níkòó fún Kelvin pé ọmọ ènìyàn kò wá ẹlòmíràn wá sójú ọ̀run, pé ara rẹ̀ ló fẹ́ rí níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àròsọ kì í ṣe ẹ̀rí, pé Lem kàn mọ̀ọ́mọ̀ dá ẹ̀dá tí kò ní yé ẹnikẹ́ni ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá ẹ̀rí lọ sí ibi tí kò sí àròsọ. Ní erékùṣù Kírétè nínú òkun Mẹditaréníà, àwọn ènìyàn fi oríṣi ìkọ̀wé méjì sílẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára amọ̀ ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pè wọ́n ní Linear A àti Linear B. Ní 1952, Michael Ventris ka Linear B, ó sì ṣeé ṣe nítorí pé èdè Gíríìkì ló wà nídìí rẹ̀, èdè tí a ti ń sọ tí a sì ti ń kà tipẹ́. Linear A ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. A lè pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kò jọ èyí tí a mọ̀, nítorí náà kò yé wa. Ọmọ ènìyàn bíi tiwa ló kọ ọ́ o. Wọ́n ní ọwọ́ méjì, wọ́n ń jẹ ọkà, wọ́n ń mu wáìnì, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sin òkú. Bí èyí tí ọmọ ìyá wa kọ bá lè ṣòro tó bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ fi gbójú lé pé ìkíni láti ọ̀dọ̀ òkun tó ń ronú yóò yé wa ní ọjọ́ kan?

Ẹ̀rí kejì wá láti Máàsì fúnra rẹ̀. Ní 1976, ọkọ̀ Viking méjì balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì gbé ohun èlò dání tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ohun abẹ̀mí wà nínú ilẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò náà, wọ́n kán omi tó ní èròjà oúnjẹ sórí erùpẹ̀ Máàsì, wọ́n sì dúró wò bóyá gáàsì yóò jáde. Gáàsì jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun èlò mìíràn wá èròjà tí ara ohun abẹ̀mí máa ń ní, kò rí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí ẹ̀mí níbẹ̀, pé kẹ́míkà inú ilẹ̀ ló ṣe é. Gilbert Levin, tó jẹ́ olórí àyẹ̀wò gáàsì náà, kò gbà títí ó fi kú ní 2021. Ní 2008, ọkọ̀ Phoenix rí iyọ̀ kan nínú ilẹ̀ Máàsì tó ń jẹ́ perchlorate, iyọ̀ yìí sì lè ba àyẹ̀wò ohun èlò kejì yẹn jẹ́ bí wọ́n bá yan erùpẹ̀ lórí iná. Ohun tí ó yẹ kí á rí fà yọ ni pé wọ́n ti pinnu láti ilé pé ohun abẹ̀mí kankan tó bá wà níbẹ̀ yóò jẹ irú oúnjẹ tí kòkòrò ayé wa ń jẹ. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ ti pààlà sí irú ìdáhùn tí wọ́n lè gbọ́. Ohun tí Lem kọ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú nìyẹn gan-an.

Àtakò tó lágbára jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò. Wọ́n ní kò burú, bí èdè bá yàtọ̀, ìṣirò kò lè yàtọ̀. 2 pẹ̀lú 3 kò lè jẹ́ ohun mìíràn lọ́nà ìràwọ̀ Vega. Orí èyí ni Carl Sagan gbé ìwé rẹ̀ Contact kà ní 1985: àmì rédíò wá láti ìhà Vega, ó ń ka àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi fún ara wọn àti fún 1. Èmi gbà pé bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá dé, yóò sọ fún wa pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó ń lu agogo lè lù ú ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí gbogbo ayé sì gbà pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń mì ín. Síbẹ̀ kò tíì sọ bóyá ọjà ló ń ná, òkú ló ń sọkún, àbí ogun ló ń kéde. Lem tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1968 nínú His Master's Voice. Wọ́n kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí aṣálẹ̀ Nevada láti tú àmì kan tó wá láti ojú ọ̀run. Wọ́n rí nǹkan díẹ̀ ṣe láti inú rẹ̀, ohun ìyanu kan tilẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá lẹ́tà ni, bóyá wọ́n kọ ọ́ sí wọn. Sagan ní ìrètí ńlá, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìrètí náà. Ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ kò ní àbùkù. Ohun tí ó fi sílẹ̀ láìdáhùn ni bí a ó ṣe ti ara nọ́ńbà dé orí ète.

Bí Lem bá fi hàn wá pé àgbọ́yé lè má ṣeé ṣe, Russell fi ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn wá: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó dà bíi pé ó ti ṣeé ṣe. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ni obìnrin yìí kí ó tó di òǹkọ̀wé, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú The Sparrow, abọ́ ńlá Arecibo ní Puerto Rico gbọ́ orin láti ojú ọ̀run ní 2019. Orin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlùfáà Jesuit fi rán ọkọ̀ lọ, ènìyàn mẹ́jọ, àlùfáà mẹ́rin àti àwọn mẹ́rin tí kì í ṣe àlùfáà. Emilio Sandoz, ọmọ Puerto Rico, onímọ̀ èdè, ló jẹ́ ojú àti etí fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí òǹrorò kankan nínú wọn. Wọn kò gbé ìbọn lọ gba ilẹ̀. Wọ́n kọ́ èdè, wọ́n jẹun pẹ̀lú onílé, wọ́n bá ọmọdé ṣeré. Nígbà tí oúnjẹ wọn fẹ́ tán, wọ́n dá oko ẹ̀fọ́ kékeré kan. Àwọn Runa tí wọ́n ń bá gbé, tí wọ́n máa ń rin ọ̀nà jíjìn láti wá oúnjẹ, rí i pé èyí dára, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Wọ́n yó, ara wọn dá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀yà kejì wà ní pílánẹ́ẹ̀tì náà, àwọn Jana'ata. Ohun tí àwọn àlejò náà kò mọ̀ ni pé Jana'ata ló ń ṣàkóso iye ọmọ tí Runa gbọ́dọ̀ bí, nítorí pé Runa ni ẹran jíjẹ wọn. Àwọn ọmọ-ogun Jana'ata dé sí abúlé náà, wọ́n gba àwọn ọmọ ọwọ́ tí a bí láìgba àṣẹ, wọ́n pa wọ́n. Oko ẹ̀fọ́ ló fa gbogbo rẹ̀.

Ìyà Sandoz fúnra rẹ̀ tún ṣe é ní kedere. Oníṣòwò Jana'ata kan, Supaari, bi í bóyá yóò gbà láti wà lábẹ́ àbójútó òun. Sandoz rò pé ọ̀rọ̀ náà yé òun, ó ní òun gbà. Ní ilẹ̀ náà, ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní lè dá ohunkóhun ṣe mọ́, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni. Wọ́n gé ẹran àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kúrò títí ìka rẹ̀ fi di ohun tó ń gbọ̀n yẹ̀pẹ̀rẹ̀. Orin tó fà á wá láti ayé, tí ó ti rò pé ìyìn Ọlọ́run ni, ó wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé akéwì kan ló ń fi í yangàn nípa àwọn tí òun ti fi ipá bá lò pọ̀. Òun nìkan ló padà sí ayé, àwọn olórí rẹ̀ sì jókòó ní Róòmù láti wádìí ohun tó ṣe. Mo ti ka àwọn ìwé ogun pílánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ìlú ti jóná, kò sí èyí tó bani lẹ́rù tó oko ẹ̀fọ́ kékeré yìí. Ìfẹ́ ló dá oko náà. Ìmọ̀ ni kò tó.

Russell ti sọ pé ọdún 1992 ni èrò ìwé yìí sọ sí òun lọ́kàn, nígbà tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ 500 ọdún tí Columbus dé Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn ń dá àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ lẹ́bi, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwa tí a gbọ́n lóde òní yóò ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ bí a bá bára wa nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ó ṣe kan ọ̀pọ̀ òǹkàwé Russell lọ, nítorí pé ìhà kejì ìpàdé ni àwa ti wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander, ó ń wá ipa ọ̀nà Odò Ọya. Aláàfin ní kí àwọn òṣèré eégún ṣeré fún un. Wọ́n dá oríṣiríṣi àrà, eégún ṣe bí òjòlá, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan jáde tó funfun báláú, tó rù kan eegun, tí òtútù ń mú, tó ń fa aṣáà símú, tó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, tó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Clapperton mọ ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Àwọn òǹwòran pa àtẹ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó jọ ọ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Eré ọjọ́ yẹn fi hàn pé onílé náà lójú, ó sì ríran dé ibi tí awọ ara mọ. Wọ́n rí ìrìn òyìnbó, wọ́n rí òtútù rẹ̀, wọ́n rí aṣáà rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó rí wọn nínú agbo eré, bóyá Clapperton fúnra rẹ̀ pàápàá kò rí wọn.

Àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ àìnírètí ni mò ń kọ́ yín, pé bí àgbọ́yé kò bá ṣeé ṣe, kí ni ènìyàn fẹ́ wá kiri? N kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo sọ pé ó gba iṣẹ́, ó sì gba sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó bá tètè dé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ted Chiang fi èyí hàn nínú Story of Your Life tó kọ ní 1998, èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù Arrival ní 2016. Louise Banks, onímọ̀ èdè, kọ́ èdè àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ méje díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́tọ̀, ìkọ̀wé lọ́tọ̀, àṣìṣe lórí àṣìṣe, èdè náà sì yí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà ronú padà kí ó tó yé e. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn àlejò náà lọ láìsọ ìdí tí wọ́n fi wá, ìdí náà kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí Louise rí gbà kò pé, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kelvin náà kò sá padà sí ayé ní ìparí Solaris. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun náà, ó na ọwọ́, ìgbì dìde ó bo ọwọ́ rẹ̀ yí ká láìfara kàn án, afẹ́fẹ́ tín-ínrín kan ṣì wà láàárín wọn. Ó dúró síbẹ̀. Ẹni tó kà á tó sọ pé àìnírètí ni, kò ka ojú ìwé yẹn dáadáa.

Àtakò tó kù ni èyí tí a máa ń gbọ́ jù nílé: kí ló kàn wá? A kò tíì ní iná mànàmáná tó dúró, ẹ ń sọ ti ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fèsì pẹ̀lú ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1974, onímọ̀ ìràwọ̀ Frank Drake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo abọ́ Arecibo láti fi ránṣẹ́ sí agbo ìràwọ̀ M13, tí ìmọ́lẹ̀ yóò rìn fún nǹkan bí 25,000 ọdún kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wọ́n sọ ohun tí ènìyàn jẹ́ àti ibi tí a ń gbé, lórúkọ gbogbo wa. Kò sí ẹni tó bi wá. Martin Ryle, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ Bìrìtìkó, tako wọn gidigidi. Ní 1977, wọ́n gbé àwo orin wúrà sínú ọkọ̀ Voyager méjèèjì, ìkíni ní èdè 55 sì wà nínú rẹ̀. Luganda wà níbẹ̀, Sotho wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ní 1989, àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run fẹnu kò lórí ìwé àdéhùn kan pé bí àmì bá dé, kí ẹnikẹ́ni má fèsì kí gbogbo ayé tó forí korí, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní agbára òfin. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ bíi oòrùn wa ká ní 1995, wọ́n ti rí èyí tó ju 5,000 lọ. Bí àmì bá dé lọ́la, ohun tí àwọn ènìyàn ti kà nínú ìtàn ni wọn yóò fi gbà á, yálà ti Wells, yálà ti Star Trek. Mo fẹ́ kí tiwa wà níbẹ̀.

Nnedi Okorafor, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Lagoon ní 2014. Àwọn àlejò rẹ̀ balẹ̀ sínú omi Èkó, ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, aṣojú wọn sì ń jẹ́ Ayọ̀délé. Ìwé náà dára, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá tó wà níbí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ kọ irú ìtàn yìí ní èdè wa. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ yín wọ igbó pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ohun tó bá níbẹ̀ má sì gbọ́ Yorùbá. Ẹ má tètè fún un lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàṣìṣe, kí ó jókòó, kí ó tún wò ó. Mo sì bẹ ẹ̀yin olùtẹ̀wé pé kí ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́, kí ó túmọ̀ Solaris sí Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa lè kà á ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú Fágúnwà.